Ta ni obìnrin òyìnbó tó máa ń fa etí ara rẹ̀ nígbà tí ètò bá ń parí?

Ọmọ_Tísà · Àbámẹ́ta, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

A ń palẹ̀ yàrá bàbá wa tó dolóògbé mọ́ ní Bódìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni mo bá rí káséètì fídíò mẹ́rin nínú àpótí onírin kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn káséètì dúdú ńláńlá ayé ọjọ́sí. Bàbá fi bírò kọ nǹkan sí wọn lára, àmọ́ òjò ti kán sí i. "SAT. NITE" nìkan ló ṣì hàn lára ọ̀kan.

Oklahoma ni bàbá ti kàwé, nílùú Stillwater, láti 1978 sí 1982. Nígbà tó kù díẹ̀ kó máa bọ̀ wálé, ó ra ẹ̀rọ fídíò àlòkù, ó wá ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní alaalẹ́ Sátidé. Ó mọ̀ pé tí òun bá délé, ó di gbére. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tó dé.

Obìnrin òyìnbó kan wà nínú ọ̀kan nínú káséètì yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Irun rẹ̀ pupa, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ (mi ò bú u o, òun gan-an ló máa ń fi ẹnu yẹn pa ènìyàn lẹ́rìn-ín). Á jáde sórí ìtàgé, wọ́n á tan iná sí àwọn òǹwòran, á ní kí wọ́n bi òun ní ohun tó bá wù wọ́n. Ẹ̀yìn ìyẹn ni eré ẹ̀fẹ̀. Tó bá di ìparí, á kọ orin kékeré kan, á rọra fa etí rẹ̀. Ó parí nìyẹn.

Ìfaetí yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ wá síbí. Bàbá wa máa ń ṣe é. Tó bá ń lọ sí Èkó láàárọ̀ Mọ́ńdè, á ti jókòó sínú Peugeot 504 rẹ̀, á yí gíláàsì wálẹ̀, á fa etí ọ̀tún. Àwa ọmọ tá a tò sẹ́nu géètì á fa tiwa. Kò ní sọ̀rọ̀ kankan, á kàn wa mọ́tò lọ. A ò bi í léèrè rí. Ìgbà tí mo rí káséètì yìí ni mo tó rántí pé inú tẹlifíṣọ̀n ló ti mú un.

Ta ni obìnrin náà? Mo tún rántí ọkùnrin dúdú kan tó di gìtá mú, tó ń kọ irú orin Jim Reeves, tí gbogbo ẹni tó yí i ká jẹ́ òyìnbó oko. Àbí àlá ni mo lá?

Alákòójọ_Àwo · Àbámẹ́ta, 8:31 alẹ́

Carol Burnett ni. Kò sí ẹlòmíì tó lè jẹ́.

Oṣù kẹsàn-án 1967 ni ètò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí CBS, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ó parí ní oṣù kẹta 1978. Texas ni wọ́n ti bí i, àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló dàgbà sí ní Hollywood, inú yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tí ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n là fún un, ìyá àgbà ní kó máa fi àmì kan kí òun láti ibẹ̀. Etí fífà ni wọ́n fẹnu kò sí. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ara mi le, mo sì ń rántí yín. Ìyá àgbà kú, kò jáwọ́ nínú ẹ̀.

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ etí òsì ló máa ń fà.

Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tó rú mi lójú. Ní 1981 tí bàbá ń gba nǹkan sílẹ̀, ètò gangan ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n gé kúrú ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ń rà nígbà náà, ìdajì wákàtí péré. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n ti yọ àwọn olórin kúrò torí owó ẹ̀tọ́ orin. Nítorí náà, ọkùnrin onígìtá yẹn kò lè jẹ́ àlejò Carol. Ètò mìíràn ló ti wá, tí wọ́n gbà sórí káséètì kan náà.

Ọmọ_Tísà · Àbámẹ́ta, 8:40 alẹ́

Carol Burnett! Orúkọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí mi lórí báyìí, bàbá máa ń pè é ní "Kárọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu". Ẹ ṣeun gan-an ni.

Àmọ́ etí ọ̀tún ni bàbá wa máa ń fà. Ìyẹn dá mi lójú bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Tóbi_98 · Àbámẹ́ta, 8:52 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ o. Irú ètò wo ni ẹ ń sọ yìí gan-an? Ṣé orin ni àbí eré? Ẹni kan ń kọrin, ó tún ń dáhùn ìbéèrè, ó tún ń ṣàwàdà, ó tún ń fa etí. Ṣé kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ ni? 😂

Àgbà_Súrùlérè · Àbámẹ́ta, 9:20 alẹ́

Tóbi, ọmọ mi, ètò àmúlùmálà là ń pè é. Ẹnì kan ni baálé ilé, á máa gba àlejò. Olórin á wá, onídán á wá, aláwàdà á wá, ẹni tó ń fi àwo jó lórí igi á wá. Baálé Ed Sullivan kò mọ orin kọ, kò mọ ijó jó, kò tilẹ̀ mọ ẹ̀rín rín. Síbẹ̀ láti 1948 títí di 1971, gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ìdílé Amẹ́ríkà ń jókòó tì í. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Michael pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní oṣù kejìlá 1969. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni.

Bóyá ẹ̀ ń rò pé nǹkan òkèèrè lásán ni. WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959. Nígbà tí ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1962, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ti Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé àkóso rẹ̀ lé lọ́wọ́ fún ọdún márùn-ún. Ẹni tí ẹ ní kó bá yín tọ́jú ṣọ́ọ̀bù, tí òun náà sì ní ọjà tirẹ̀, ọjà ta ni ẹ rò pé ó máa pàtẹ?

Àmọ́ àwa náà ò sùn. Art Alade ní *Bar Beach Show* tirẹ̀, ọkùnrin tó mọ dùùrù tẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ kóòtù. Bàbá tó bí Darey tí ẹ̀yin ọmọdé mọ̀ ni. Moses Olaiya, Bàbá Sàlá, sì ti wà lórí WNTV pẹ̀lú aago gògòrò lọ́rùn. Nígbà tí àwọn alárìnjò ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń lùlù, tí wọ́n ń tàkìtì, tí wọ́n ń dá àpárá, tí wọ́n ń kọrin ìparí, kí lẹ̀yin rò pé ìyẹn jẹ́ tí kì í bá ṣe ètò àmúlùmálà? Wọn ò kàn ní kámẹ́rà ni.

Oníṣẹ́_Iná · Àbámẹ́ta, 9:33 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Tísà, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe rí i wò nílé? Iṣẹ́ mi nìyẹn ni mo fi ń béèrè. Ìlànà àwòrán tí wọ́n ń pè ní NTSC ni káséètì Amẹ́ríkà ń lò, PAL ni tẹlifíṣọ̀n tiwa ń lò. Tí ẹ bá fi ìkan sínú ìkejì, àwòrán á máa yí sókè bí ẹni ń ká ẹní, kò sì ní ní àwọ̀.

Ọmọ_Tísà · Àbámẹ́ta, 10:05 alẹ́

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi di tẹlifíṣọ̀n náà mọ́ ẹrù rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Iná 110 ni tẹlifíṣọ̀n yẹn ń lò, tiwa jẹ́ 220, ó wá ra tíráńsífọ́mà tó ń dín iná kù. Nǹkan náà wúwo bí ọmọ ọlọ, àwọ̀ eérú ni, tó bá ti ń ṣiṣẹ́ á máa kùn hùùù bí esinsin inú ìgò. Òfin kan ló wà nílé wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki wáyà bọ iná àfi bàbá.

Lọ́jọ́ Àìkú kan ní 1985, bàbá àti màmá lọ síbi òkú ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ kéde ní àdúgbò pé sinimá wà nílé wa, kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí ẹnì kan. Ọmọ mọ́kànlá ló wá. Ó gba owó pé, náírà kan àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ó sọ ọ́ sínú agolo Bournvita. Ó gbé àga síwájú fún àwọn tó tètè dé. Tíráńsífọ́mà wà lẹ́yìn kọ́tìnì, kò sì rántí ẹ̀. Ara ògiri ló ki wáyà tẹlifíṣọ̀n bọ̀ tààrà.

Àwòrán kò tilẹ̀ jáde. A gbọ́ "tàù!" lẹ́ẹ̀kan, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé là jáde láàárín, èéfín wá ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń sun àgbàdo. Òórùn yẹn ṣì wà ní imú mi. Àwọn ọmọ ò sá o. Wọ́n jókòó, wọ́n rò pé ibi tí sinimá ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí bàbá dé, ó wò ó, ó wo agolo Bournvita. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ dá owó oníkálukú padà. Kò nà án. Ó da aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ra tuntun, ó gbé e lé òkú yẹn lórí, ó di tábìlì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò wo káséètì yẹn mọ́.

Tóbi_98 · Àbámẹ́ta, 10:11 alẹ́

"Wọ́n rò pé ibi tí sinimá ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí 😭😭

Màmá_Ṣọlá · Àìkú, 3:47 ọ̀sán

Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí, mo ní kó bá mi ṣí àyè tèmi.

Jim Reeves tí ẹnì kan dárúkọ ló gbé mi wá. Ní ilé wa ní Abẹ́òkúta, a kì í jẹ ìrẹsì ọjọ́ Àìkú láìjẹ́ pé bàbá Ṣọlá gbé Jim Reeves sórí gíráàmù. Á ti bọ́ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì, á ku bùbá, á jókòó síbi afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, á di ojú. Ohùn ọkùnrin yẹn rọ̀ bí òrí. Mo sì rántí pé mo rí i nínú tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan bíi 1975, ó wọ kóòtù funfun, ó ń kọrin, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́.

Alákòójọ_Àwo · Àìkú, 4:02 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ foríjì mí tí mo bá já yín kulẹ̀: ọkọ̀ òfuurufú ló pa Jim Reeves, nítòsí Nashville, ní ọjọ́ 31 oṣù keje 1964. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà. Tí ẹ bá rí ẹnì kan ní 1975, ó lè jẹ́ ẹlòmíì, ó sì lè jẹ́ fíìmù àtijọ́ ni wọ́n fi hàn.

Màmá_Ṣọlá · Àìkú, 4:20 ọ̀sán

Háà! Ó ti kú ní 1964? Gbogbo ìgbà tí bàbá Ṣọlá ń sọ pé "ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí bá wa jẹun," òkú ló ń bá wa jẹun?

Ó dáa. Ó lè jẹ́ àwòrán ara páálí àwo ni mo ń rò pé mo rí tó ń mira. Ọjọ́ orí ò dẹ̀ ń ran ènìyàn lọ́wọ́. Àmọ́ Dolly Parton, ìyẹn mo rí i dájú. Irun rẹ̀ ga ju gèlè lọ.

Alákòójọ_Àwo · Àìkú, 4:41 ọ̀sán

Dolly gan-an, ọmọ ètò àmúlùmálà ni, mà. Láti 1967 ló ti ń bá Porter Wagoner kọrin nínú ètò tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, tí wọ́n ń tà kiri gbogbo Gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tó fẹ́ dá dúró ní 1974, Porter ò fẹ́ kó lọ, ọ̀rọ̀ di fà-kí-n-fà. Dolly bá kọ orin kan láti fi dágbére fún un, ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó kọ ọ́ sí i létí. Orin náà ni *I Will Always Love You*. Gbogbo ènìyàn ló rò pé Whitney Houston ló ni ín torí pé òun náà kọ ọ́ ní 1992, ọ̀pọ̀ sì rò pé orin ọkùnrin àti obìnrin ni. Orin ọmọ iṣẹ́ tó ń gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá ni.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Tísà, mo rò pé mo ti mọ ọkùnrin onígìtá yín. Ṣé ọkà ló wà lẹ́yìn àwọn tó wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń yọ orí jáde láàárín ọkà láti dá àpárá, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Ọmọ_Tísà · Àìkú, 4:55 ọ̀sán

BẸ́Ẹ̀ NI! Oko àgbàdo! A máa ń ṣe é nínú oko màmá àgbà wa!

Alákòójọ_Àwo · Àìkú, 5:26 ọ̀sán

*Hee Haw* nìyẹn. Buck Owens àti Roy Clark ló ń darí ẹ̀. CBS bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1969, wọ́n dá a dúró ní 1971 torí wọ́n fẹ́ pa gbogbo ètò ará oko rẹ́. Àwọn tó ni ín bá ń tà á fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fúnra wọn, ó sì gbé ogún ọdún sí i lórí afẹ́fẹ́. Ìlú Tulsa, ní Oklahoma ibi tí bàbá wà yẹn, ni Roy Clark gbé títí tó fi kú ní 2018.

Tí ọkùnrin dúdú bá wà níbẹ̀ tó ń kọ orin kọ́ńtírì, Charley Pride ni mo máa fi owó mi lé lórí. Mississippi ni wọ́n ti bí i, ìdílé tó ń ṣa òwú. Ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù onígi jẹun kó tó di olórin. Nígbà tí RCA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin rẹ̀ jáde ní 1966, wọn ò fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò. Ohùn nìkan ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń fi orin yẹn sáfẹ́fẹ́. Nígbà tó wá jáde sórí ìtàgé, àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa á dákẹ́ lójijì. Ó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, oòrùn ló sun òun lára, kò kàn ní í ṣí mọ́ ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó mú gìtá. Ní 1971, òun ni àwọn ẹgbẹ́ olórin kọ́ńtírì fi joyè olórin ọdún.

Màmá_Ṣọlá · Àìkú, 5:40 ọ̀sán

Charley Pride, aláwọ̀ dúdú ni???

Ẹ dúró ná. Àwo rẹ̀ wà nílé wa. Mo ti gbọ́ ọ fún ogójì ọdún. Mo ń bọ̀.

Màmá_Ṣọlá · Àìkú, 6:18 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé. Páálí ti já kúrò lára tiwa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwo ìhòòhò ló kù. Mo wo fóònù, mo rí ojú rẹ̀. Ó jọ àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìmẹ̀kọ. Ẹ wo bí bàbá Ṣọlá ṣe kú láìmọ̀.

Adé_Ṣikágò · Ajé, 5:12 àárọ̀

Èmi náà wà níbí o, láti ìlú Chicago. Kò sí bí ẹ ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ Sátidé àti Amẹ́ríkà kẹ́ ẹ má dárúkọ *Soul Train*, ètò orin àti ijó àwọn ènìyàn dúdú. Ìlú wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 1970, ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WCIU, lókè ọ̀hún nínú ilé àwọn oníṣòwò ọkà, àjà kẹtàlélógójì. Sítúdíò náà há bí ilé adìẹ. Don Cornelius tó dá a sílẹ̀ ń ka ìròyìn nígbà náà. Ní oṣù kẹwàá 1971 ló kó o lọ sí Los Angeles, ó sì di ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ohùn Don! Ó máa ń jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Kóòtù rẹ̀ gùn, irun rẹ̀ rí roboto. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ijó ni wọ́n jó lójú rẹ̀, kì í jó. Ìgbà kan báyìí ló wọ ìlà, òun àti Mary Wilson ti Supremes. Ìlà yẹn sì ni ọkàn ètò náà: àwọn oníjó á tò lọ́tùn-ún lósì, méjì méjì á gba àárín kọjá, oníkálukú pẹ̀lú àrà tirẹ̀. Ẹ ò ní sọ fún mi pé ẹ ò rí irú ẹ̀ rí ní ojúde nígbà tí egúngún jáde.

Ìpolówó inú ẹ̀ gan-an dùn. Afro Sheen, ìpara irun àwọn Johnson tí wọ́n jẹ́ ènìyàn dúdú ní Chicago níbí. Èdè Swahili ni wọ́n fi ń polówó ẹ̀ nígbà mìíràn! Mo bi ẹnì kan tó dàgbà síbí pé èéṣe tí kì í fi ṣe Yorùbá, ó ní àwọn ò tíì mọ̀ wá nígbà náà.

Tóbi_98 · Ajé, 9:03 àárọ̀

Ìbéèrè kan. Kó tó di *Soul Train*, ṣé ènìyàn dúdú ò lè jẹ́ baálé ètò ni? Ẹ ti dárúkọ Ed, Carol, Porter, Buck. Òyìnbó ni gbogbo wọn.

Alákòójọ_Àwo · Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n lo bi yẹn. Nat King Cole gbìyànjú ẹ̀. NBC fún un ní ètò ní oṣù kọkànlá 1956. Ohùn rẹ̀ nìyẹn, dùùrù rẹ̀ nìyẹn, àwo rẹ̀ ń tà bí àkàrà. Wọ́n wá onígbọ̀wọ́ tó máa dúró fún un káàkiri orílẹ̀-èdè, wọn ò rí. Ẹ̀rù ń ba àwọn oníṣòwò pé àwọn òyìnbó Gúúsù kò ní ra ọjà wọn mọ́. Ella Fitzgerald wá, Harry Belafonte wá, Peggy Lee wá, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n gbà torí tirẹ̀. Ó fara dà á fún ọdún kan àti díẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1957, òun fúnra rẹ̀ ló ní ó tó. Ó sọ gbólóhùn kan nípa àwọn onípolówó ìgboro New York: òkùnkùn ló ń ba Madison Avenue lẹ́rù.

Ní 1968 pàápàá, Petula Clark, òyìnbó ará Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ kan apá Belafonte, ọkùnrin dúdú, níbi tí wọ́n ti jọ ń kọrin. Ọ̀gá kan láti ilé-iṣẹ́ mọ́tò tó ń san owó ètò figbe ta pé kí wọ́n yọ ọ́. Petula kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Apá lásán o! Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Flip Wilson wá gba ètò tirẹ̀ ní NBC, tí gbogbo Amẹ́ríkà, funfun àti dúdú, sì ń wò ó ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Àgbà_Súrùlérè · Ajé, 8:30 alẹ́

Kí n fi ọ̀kan kún un tó kan Èkó. Oṣù kejì 1977, FESTAC ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ ńlẹ̀, Stevie Wonder, olórin afọ́jú ará Amẹ́ríkà yẹn, ṣì wà lọ́dọ̀ wa níbí. Wọ́n ń pín ẹ̀bùn Grammy ní Los Angeles, òun ló gba ti àwo tó dáa jù lọ́dún náà. Wọ́n bá fi sátẹ́láìtì so ó pọ̀ láti Èkó. Ẹ mọ tiwa: ohùn ń já, àwòrán ń mì. Andy Williams tó ń darí ayẹyẹ náà, baálé ètò àmúlùmálà tó ti pẹ́, tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin, jàgùdù rẹ̀ títí, ó wá bi Stevie pé ṣé ó ń rí àwọn.

Ṣé ó ń rí àwọn! Stevie Wonder!

Títí tó fi kú ni wọ́n ń fi bú u. Èmi a máa bá a kẹ́dùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Èkó ti sọ ẹni tó gbọ́n jù ú lọ di òmùgọ̀.

Adé_Ṣikágò · Ìṣẹ́gun, 4:50 àárọ̀

Bàbá, ẹ má pa mí níbi iṣẹ́ 😂

Tó bá jẹ́ ti Èkó ni, mo ní tèmi. Jeffrey Daniel, ọ̀kan nínú àwọn oníjó *Soul Train*, tó di ara ẹgbẹ́ olórin Shalamar, òun ló jó ijó ẹlẹ́sẹ̀-ẹ̀yìn yẹn (moonwalk) lórí tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì ní 1982, ó sì wà lára àwọn tó kọ́ Michael Jackson. Èkó ló wá ń gbé nígbà tó yá, ó sì wà lára àwọn adájọ́ *Nigerian Idol*. Àwọn ọmọ tó ń kọrin níwájú rẹ̀ ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn ní ìtàn.

Tóbi_98 · Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Mo wò ó nígbà náà! Ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ni mí. Mo ń bi màmá mi pé ta ni bàbá onírun yẹn, wọ́n ní "òyìnbó dúdú kan ni."

Ọmọ_Tísà · Àbámẹ́ta, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Mo pe màmá lórí ọ̀rọ̀ etí. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi ní, "Etí òsì ni." Mo ní màmá, ọ̀tún ni. Wọ́n ní, "Níbo lo dúró sí? Ẹnu géètì. Ta lo kọjú sí? Bàbá rẹ. Òsì ẹni tó kọjú sí ọ, ọwọ́ wo ló bọ́ sí?"

Mo dákẹ́. Alákòójọ, ẹ jàre mi. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń fa etí tí kì í ṣe òun.

Oníṣẹ́_Iná bá mi gbé káséètì lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà. Méjì ti hu ewú, kò ṣe é fọwọ́ kàn. Ẹ̀kẹta, ìròyìn ojú ọjọ́ Oklahoma ni, wákàtí kan gbáko, mi ò mọ ohun tí bàbá ń wá níbẹ̀. "SAT. NITE" yẹn, a rí ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Oko àgbàdo wà níbẹ̀. Charley Pride kò yọjú. Carol ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹnì kan nínú òǹwòran nawọ́ sókè láti bi í ní ìbéèrè, ni àwòrán bá já, orin jùjú bú jáde. Ẹnì kan ti gba ìgbéyàwó Àǹtí Bísí lé e lórí, 1984.

Màmá_Ṣọlá · Àbámẹ́ta, 6:10 ìrọ̀lẹ́

1984? Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀?

Ọmọ_Tísà · Àbámẹ́ta, 6:13 ìrọ̀lẹ́

Léèsì, mà. Àwọ̀ píńkì. Gèlè wọn kò jẹ́ ká rí ìyàwó.

Àgbà_Súrùlérè · Àbámẹ́ta, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ta ló ń lu gángan níbẹ̀? Ẹ gbé e síbí, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Màmá_Ṣọlá · Àbámẹ́ta, 6:16 ìrọ̀lẹ́

Ẹ fi Kárọ́ọ̀lù sílẹ̀ ná, ẹ gbé ìgbéyàwó síbí.

Ọmọ_Tísà · Àbámẹ́ta, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Ó ti ń gòkè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà díẹ̀.

Tóbi_98 · Àbámẹ́ta, 6:32 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń rí wa?